Ohùn Tó Ń Pẹ́ Dé Láti Ìgbẹmọ

Mọ́ńdè, 11 Jánúárì 1999

Màmá mi pè mí ní agbéraga lórí fóònù lónìí, níṣojú àwọn kọ́sítọ́mà. Wọn ò mọ̀ pé àwọn kọ́sítọ́mà ń gbọ́, ṣùgbọ́n pẹ̀lú irú ohùn tí màmá mi ní, ẹni tó ń ná ata ní Ọjà Ọba pàápàá á gbọ́.

"Monínúọlá, mo pè ọ́, o dákẹ́. Ṣé o kọ́kọ́ ń rò ó bóyá kí o dá mi lóhùn ni?"

Mo ní, "Màmá, mi ò dákẹ́. Fóònù ló ń pẹ́."

"Kí ló dé tí kì í pẹ́ tí mo bá ń bá Abọ́sẹ̀dé sọ̀rọ̀? Àbúrò mi á dá mi lóhùn wàrà. Ìwọ ọmọ tí mo bí á wá máa ṣe bí ìyàwó gómìnà. Adó ti gùn ọ́."

Wọ́n gbé fóònù sílẹ̀ gbàá.

Àǹtí Abọ́sẹ̀dé tí wọ́n ni ṣọ́ọ̀bù fóònù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Adó wà lórí àga wọn, wọ́n na ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n sórí páálí, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà. Mo rò pé wọ́n á bá mi sọ̀rọ̀ sí i. Okùn fóònù ni wọ́n ń wò. "Ta ló ń fa okùn yìí bí ẹni fa ewúrẹ́? Ní ọjọ́ tó bá já, ìwọ ni màá so mọ́ fóònù."

Mo lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mo sunkún. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti lè sọ ọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé fóònù aláìníwáyà yẹn sí ilé wa ní Ìgbẹmọ ni èmi àti màmá mi ò ti rẹ́ mọ́. Kí fóònù tó dé, a kì í bára wa sọ̀rọ̀ rárá, àfi tí mo bá lọ sílé, a sì ń rẹ́.

Ẹ̀bi tèmi kọ́. Màá fi hàn wọ́n.

Wẹ́sìdè, 13 Jánúárì

Kọ́ńpìnnì tó ni fóònù ti rán ẹ̀njiníà wá. Ọlátúbọ̀sún lorúkọ wọn, ará Ìbàdàn, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ bí òpó tí wọ́n ń gùn. Gbogbo ẹni tó bá pe Ìgbẹmọ láti ṣọ́ọ̀bù wa ló ń ráhùn: àwọn méjèèjì á sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn méjèèjì á tún dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, bí àwọn tó pàdé lórí afárá olópòó kan.

Bọ̀dá Ẹ̀njiníà gbé àpótí kan wá, ó tó páálí bàtà, iná pupa ń kọ nọ́ńbà lójú rẹ̀. Wọ́n so ó mọ́ fóònù wa. Bí o bá sọ̀rọ̀ sínú fóònù, àpótí á bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Bí ohùn bá ti Ìgbẹmọ dé, á dúró. Ohun tó bá kà ni iye tí ohùn fi pẹ́ lọ́nà, ní àlọ àti àbọ̀.

Ó yẹ kí ìkejì rẹ̀ wà ní Ìgbẹmọ kó máa dáhùn fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn ti bàjẹ́, Èkó ló wà. Nítorí náà Folúkẹ́ ni àpótí kejì. Folúkẹ́ ni ọmọ àbúrò bàbá mi olóògbé, ọ̀dọ̀ màmá mi ló ń gbé, òun ló ń jókòó ti fóònù níbẹ̀. Ọdún kan ni mo fi jù ú, kò sì jẹ́ pè mí ní sìsí láéláé.

Wọ́n pè é. "Folúkẹ́, iṣẹ́ rẹ ò le. Tí mo bá ti pe orúkọ rẹ báyìí, kí o jẹ́ mi kíá. Má ṣe nǹkan mìíràn."

"Mo ti gbọ́, sà."

"Folúkẹ́!"

Gbogbo wa ń wo iná pupa. Ó ń sáré.

"Sà!"

Sẹ́kọ́ndù kan ààbọ̀. Bọ̀dá Ẹ̀njiníà súfèé. Wọ́n ní béèyàn bá pe Amẹ́ríkà gan-an, ohùn ò ní pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ Ìgbẹmọ rèé tí mọ́tò ń lọ tó ń bọ̀ lójúmọ́.

Inú mi dùn débi pé mo ra búrẹ́dì ẹlẹ́wà jẹ. Ẹ̀rí ti dé. Fóònù ló ń pẹ́.

Tọ́sìdè, 14 Jánúárì

Wọ́n pààrọ̀ okùn. Sẹ́kọ́ndù kan ààbọ̀.

Túsìdè, 19 Jánúárì

Ọyẹ́ ti la ètè mi, mi ò lè rẹ́rìn-ín, kò sì sí ohun tí mo fẹ́ fi rẹ́rìn-ín. Ìgò kẹrosíìnì kan ti di ogójì náírà. Àǹtí ní ká máa fi igi sè. Èmi ni mo ń fẹ́ iná.

Bọ̀dá Ẹ̀njiníà ti tú gbogbo nǹkan tó ṣeé tú. Wọ́n gun òrùlé, wọ́n yí irin orí òrùlé sí ọ̀nà Ìgbẹmọ dáadáa, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú erùpẹ̀ lẹ́nu. Bákan náà ló rí. Nígbà tí wọ́n ń mu omi ni wọ́n sọ ohun tó lé oúnjẹ kúrò lọ́kàn mi.

"Ọ̀gá kan ń bọ̀ láti Èkó ní oṣù kẹta. Tí àlọ àti àbọ̀ bá fi lè ju ìdajì sẹ́kọ́ndù lọ, wọ́n á tú fóònù Ìgbẹmọ, wọ́n á gbé e fún ìlú mìíràn."

Àǹtí ní, "Kí wọ́n gbé e. Ariwo ẹ̀gbọ́n mi á dínkù."

Kò pa mí lẹ́rìn-ín. Tí wọ́n bá gbé e lọ báyìí, màmá mi ò ní mọ̀ láéláé pé kì í ṣe èmi ló ń pẹ́. Ohun tó máa wà lọ́kàn wọn nípa mi títí wọ́n á fi darúgbó nìyẹn: ọmọ tí wọ́n rán lọ sí Adó tó kọ́kọ́ máa ń rò ó kó tó jẹ́ ìyá rẹ̀.

Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n máa bá yín wo iná pupa yẹn."

Wọ́n wò mí. "O mọ nọ́ńbà kà?"

"Pé mi ò parí sẹ́kọ́ńdìrì ò ní kí n má mọ nọ́ńbà kà."

"Má bínú, ará Èkìtì, olórí kunkun. Wá jókòó."

Sátidé, 23 Jánúárì

Mi ò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni. Màmá pè lánàá, a tún jà. Wọ́n ní Folúkẹ́ ti bá wọn fẹ́ ìrẹsì, ó ti bá wọn pọnmi, ọmọ dáadáa. Wọn ò sọ pé èmi ò dáa, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ.

Mo ń jowú Folúkẹ́, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Yàrá mi ló ń sùn sí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹní mi ló ń sùn lé.

Àǹtí tún dá tiwọn sílẹ̀. Wọ́n ní orúnkún síkẹ́ẹ̀tì mi pupa fún pọ́líìṣì tí a fi ń pa ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní ṣé mo ń rá ni. Mo ní bóyá níbi tí mo ti ń nulẹ̀ ni. Gbogbo nǹkan ni wọ́n ń rí, àfi ẹni tí inú ń bí.

Tọ́sìdè, 28 Jánúárì

Nǹkan ṣẹlẹ̀!

Nẹ́pà mú iná lọ ní àárọ̀, jẹnẹrétọ̀ la ń lò. Bọ̀dá Ẹ̀njiníà wà lórí òrùlé, wọ́n kígbe sí mi pé kí n bá wọn pe Folúkẹ́ fúnra mi nítorí àwọn ò lè máa gùn, kí àwọn máa sọ̀. Mo pè é.

"Folúkẹ́!"

"Ẹ́ẹ̀n! Kí ló dé?"

Mo wo àpótí. Kò tó ìdajì sẹ́kọ́ndù. Mo pariwo débi pé Bọ̀dá Ẹ̀njiníà fi ìṣó ya ṣòkòtò bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n pè é. Sẹ́kọ́ndù kan ààbọ̀. Mo gbà á, mo pè é. Ìdajì ò pé. Wọ́n tún gbà á. Ó tún pẹ́.

Mo ní, "Bọ̀dá, ohùn tèmi ń yára ju tiyín lọ."

Àǹtí ní, "Ọmọdé ló ń sáré, àgbà ló ń rọra rìn."

Bọ̀dá Ẹ̀njiníà ò rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ti rí nǹkan tí kò yé e, bẹ́ẹ̀ lojú rẹ̀ á ṣe rí. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò yíya, wọ́n ń wo àpótí bí ẹni pé ó jẹ wọ́n lẹ́ran.

Túsìdè, 2 Fẹ́búárì

Ohun tí Bọ̀dá Ẹ̀njiníà rò ni pé ohùn ọkùnrin kì í tètè wọ inú àpótí nítorí pé ó wúwo, ti obìnrin ló ń tètè wọ̀ ọ́. Nítorí náà wọ́n fún imú wọn, wọ́n sọ ohùn wọn di tín-ín-rín bíi ti ọmọ ọwọ́: "Folúkẹ́ẹ́ẹ́!"

Folúkẹ́ rẹ́rìn-ín títí, àpótí sì ń ka ẹ̀rín rẹ̀. Mi ò mọ iye tó kà, kò ṣáà dáwọ́ dúró. Mo gbọ́ ohùn màmá mi lẹ́yìn: "Ta lò ń bá yín eyín bẹ́ẹ̀?" Folúkẹ́ ní, "Ẹ̀njiníà ni, mà. Ó dà bí pé ara wọn ò yá."

Wọ́n tún un ṣe. Folúkẹ́ ò rẹ́rìn-ín mọ́, ó dáhùn. Sẹ́kọ́ndù kan ààbọ̀.

Ni mo bá ní kí Àǹtí náà pè é. Ohùn Àǹtí tín-ín-rín ju tèmi lọ, àwọn ni wọ́n ń dá ohùn òkè nínú kúáyà. Wọ́n pè é láti orí àga wọn, ẹ̀pà lẹ́nu. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ́kọ́ndù méjì.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ohùn wúwo. Àpótí náà kàn fẹ́ràn èmi ni. Kò tíì sí ohun tó fẹ́ràn mi bẹ́ẹ̀ rí láyé.

Wẹ́sìdè, 3 Fẹ́búárì

Mi ò jẹun. Kì í ṣe ààwẹ̀.

Túsìdè, 9 Fẹ́búárì

Mo ń gbálẹ̀ ní àárọ̀ ni èrò náà wọlé. Bọ̀dá Ẹ̀njiníà ò tíì dé, Àǹtí sì wà ní bafúrúùmù. Mo tan àpótí fúnra mi, mo pe Ìgbẹmọ. Lọ́tẹ̀ yìí mi ò lo ohùn mi. Ohùn Ìyá Ìjọ wa ni mo lò, ohùn ńlá bíi ti bàbá yẹn tó máa ń lọ́ra tó sì máa ń mì. Gbogbo kúáyà ló mọ̀ pé kò sẹ́ni tó lè sín wọn jẹ tó mi.

"Fo-lú-kẹ́ ọmọ mi..."

Ó dákẹ́. Iná pupa ń sáré.

"Mà! Ẹ káàárọ̀ mà!"

Sẹ́kọ́ndù kan ààbọ̀, ó tilẹ̀ lé díẹ̀.

Mo ní, "Folúkẹ́, èmi ni jàre."

"Monínú! Orí ẹ ò pé!" Èyí dé kíá, ìdajì ò pé.

Mo gbé fóònù sílẹ̀. Ẹnu kan náà, fóònù kan náà, àpótí kan náà, àárọ̀ kan náà. Nígbà tí mo jẹ́ àgbà, ó pẹ́. Nígbà tí mo di Monínú padà, ó yára.

Mo sọ fún Bọ̀dá Ẹ̀njiníà nígbà tí wọ́n dé. Mo rò pé wọ́n á bínú pé mo fọwọ́ kan àpótí. Wọ́n ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe pẹ̀lú ohùn ìyàwó pásítọ̀. Bákan náà ló rí.

Mo ní, "Òpó fóònù ò mọ ẹni tó dàgbà."

Wọ́n ní, "Àpótí náà ò mọ̀ ọ́n." Wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n nù ún. "Nǹkan kan wà ní Ìgbẹmọ lọ́hùn-ún tó mọ̀ ọ́n. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ wò ó. Èmi ni màá máa pè láti ibí. Ìwọ lo máa lọ."

Mi ò fẹ́ lọ. Mi ò tíì fojú kan màmá mi láti ọjọ́ tí wọ́n ti pè mí ní agbéraga. Ṣùgbọ́n mo ti ní màá fi hàn wọ́n.

Sátidé, 13 Fẹ́búárì

Mo ti dé láti Ìgbẹmọ. Ẹ̀yìn ń dùn mí: mẹ́rin ni wọ́n kó wa sórí àga ẹni mẹ́ta, àpò ìrẹsì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, àgbébọ̀ adìyẹ ẹnì kan sì ń ṣá mi ní ìka ní gbogbo ọ̀nà.

Màmá wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń fẹ́ ìrẹsì. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn. Wọ́n wò mí tipẹ́, àtẹ wà lọ́wọ́ wọn. "Hùn. Orúnkún rẹ ṣì mọ ilẹ̀ o." Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Uṣu ti jinná. Wọ ulé, kí o jẹun." Mo ti ń ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ yẹn ní Adó nítorí Bọ̀dá Ẹ̀njiníà máa ń fi "uṣu" tí a ń pe iṣu ṣe yẹ̀yẹ́. Lẹ́nu màmá mi, ó dùn mọ́ mi, omi lé sí mi lójú. Mo ní èéfín ni.

Mo jẹun tán, mo ní, "Màmá, fóònù ló ń pẹ́, kì í ṣe èmi. Àpótí ti jẹ́rìí sí i. Ohun tí mo wá wò nìyẹn."

"Ọmọ mi, tí ojú bá rí ojú, mo mọ̀ ọ́ ní ọmọ mi. Lórí fóònù, ẹnu nìkan ló kù. Ẹnu tìrẹ ló sì ń pẹ́. Ẹ tún un ṣe, ká wò ó."

Ní ọ̀sán, fóònù dún bí a ṣe ṣàdéhùn. Orí tábìlì gíga ni ó wà ní pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò bàbá mi. Folúkẹ́ gbé e. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo na etí. Mo gbọ́ ohùn Bọ̀dá Ẹ̀njiníà nínú fóònù, wínníwínní: "Folúkẹ́!"

Ohun tí Folúkẹ́ ṣe rèé. Ó fi ọwọ́ òsì kó ìró rẹ̀ jọ. Orúnkún kan kanlẹ̀. Èkejì kanlẹ̀. Ó tẹrí ba fún tábìlì. Lẹ́yìn náà ló wá la ẹnu: "Sà!"

Ó dìde, ó gbọn ìró rẹ̀.

"Folúkẹ́!"

Ó kó ìró jọ. Orúnkún kan, orúnkún kejì. "Sà!"

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di òpó ilẹ̀kùn mú. "Folúkẹ́, ta lò ń kúnlẹ̀ fún? Tábìlì?"

"Ẹ̀njiníà ni."

"Adó ni Ẹ̀njiníà wà! Ṣé wọ́n ń rí ọ ni? Ará oko yìí! Orí fóònù ló ti ń kúnlẹ̀!"

"Ìwọ ará Adó, tí ẹ bá ti rí iná mànàmáná, ẹ ò ní orúnkún mọ́."

Màmá wọlé pẹ̀lú àtẹ. "Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín nínú ohun tó ṣe? Kí ni mo kọ́ ẹ̀yin méjèèjì? Orúnkún ṣáájú, ẹnu ló tẹ̀lé e. Ṣé mo ní kí ẹ máa yọ fóònù sílẹ̀ ni?"

Mo fọwọ́ bo ẹnu. Pàṣán màmá mi ni wọ́n fi kọ́ wa, mo ṣì rántí. Ṣùgbọ́n fún fóònù? Mo rẹ́rìn-ín nínú mọ́tò títí mo fi dé Adó. Obìnrin alágbébọ̀ yẹn ìbá rò pé mo ya wèrè, àmọ́ kò sí nínú mọ́tò àbọ̀.

Mọ́ńdè, 15 Fẹ́búárì

Mo fi hàn Bọ̀dá Ẹ̀njiníà. Èmi fúnra mi ṣe Folúkẹ́, mo kúnlẹ̀ mo dìde níwájú káńtà. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n yọ awò. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé awò padà sójú.

"Láti oṣù tó kọjá. Mo gun òrùlé. Mo ya ṣòkòtò. Ẹ̀kọ́ ilé ni mo ti ń fi àpótí wọ̀n."

Wọ́n pe Folúkẹ́, wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó dákun, kó máa dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, àwọn ò ní bínú. Kí Folúkẹ́ tó sọ nǹkan kan, màmá mi ti gba fóònù.

"Ẹ̀njiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní kí ọmọ dúró gbagidi kó máa jẹ́ àgbàlagbà lóhùn? Nínú ulé tèmi? Ẹ bá mi tún fóònù yín ṣe, ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀."

Bọ̀dá Ẹ̀njiníà ní, "Ẹ má bínú, mà." Mo rí wọn. Wọ́n tẹrí ba fún fóònù! Mi ò sọ ọ́.

Tọ́sìdè, 18 Fẹ́búárì

Màmá lọ sóko lónìí, Folúkẹ́ sì gbà láti gbìyànjú. Ó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà mìíràn ó yá, nígbà mìíràn ó pẹ́. Nígbà kan, a gbọ́ gbì! Ó ní orúnkún òun ti lọ sílẹ̀ kí òun tó rántí, òun sì fà á padà, ló bá fi ìgbòǹwọ́ gbá tábìlì.

Mo ní, "Folúkẹ́, ṣé o ò lè fi ọkàn sí i ni? Wọ́n máa gbé fóònù yìí lọ!"

"Kí wọ́n gbé e! Ìwọ wá dúró síbí! Mo ti ní kì í ṣe èmi ni mo ń ṣe é, ó ń ṣe ara rẹ̀!"

"Irọ́ lò ń pa. Èèyàn á kúnlẹ̀ kó má mọ̀?"

"Monínú, ẹ ní kí n má kúnlẹ̀, màmá ní kí n kúnlẹ̀. Àbí ẹ fẹ́ kí n ti wà lórí ìkúnlẹ̀ kí ẹ tó pè mí ni?"

Ó sọ ọ́ láti fi bú mi ni. Èmi àti Bọ̀dá Ẹ̀njiníà wo ara wa.

Mo ní, "Folúkẹ́. Lọ gbé ẹní. Tẹ́ ẹ síwájú tábìlì. Kúnlẹ̀ sórí rẹ̀, má sì dìde títí a ó fi ní kí o dìde."

Ó ṣépè fún mi díẹ̀, ó lọ gbé e.

"Folúkẹ́!"

"Sà!"

Ìdajì ò pé! Àǹtí pè é. Ìdajì ò pé. Mo pè é pẹ̀lú ohùn Ìyá Ìjọ. Ìdajì ò pé. Ohùn ṣì ń pẹ́ díẹ̀ o, bí ẹni tó gbé itọ́ mì kó tó sọ̀rọ̀, Bọ̀dá Ẹ̀njiníà ní ìyẹn ni pípẹ́ ti fóònù gan-an, gbogbo fóònù aláìníwáyà ló ní in. Ìyókù, orúnkún ni.

Mo jó. Okùn gbá ife Àǹtí bọ́ láti orí káńtà. Wọn ò bú mi.

Sátidé, 27 Fẹ́búárì

Ìbò ààrẹ. Kò sí mọ́tò, kò sí ọ̀kadà, ṣọ́ọ̀bù tì pa. Ọjọ́ orí mi ò tó láti dìbò. Mo gbàdúrà fún orílẹ̀-èdè díẹ̀, mo gbàdúrà fún fóònù púpọ̀.

Wẹ́sìdè, 10 Máàṣì

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ mọ́jú, òórùn ilẹ̀ gba gbogbo Adó. Bọ̀dá Ẹ̀njiníà ní òjò lè da ohùn rú, wọn ò lè jẹ àkàrà tí mo rà fún wọn. Èmi ni mo jẹ ẹ́.

Ọ̀gá dé pẹ̀lú mọ́tò tí ẹrẹ̀ ti kùn dé ojú fèrèsé. Ayọ̀kúnlé lorúkọ wọn, ikùn wọn ṣáájú wọn wọlé. Wọn ò kí ẹnikẹ́ni dáadáa. Wọ́n ní kí wọ́n gbé fóònù fún àwọn, àwọn fúnra wọn ni wọ́n fẹ́ pè é. Mo ti pe Folúkẹ́ ní àárọ̀ kùtù: ẹní wà nílẹ̀, ó wà lórí ẹní, màmá mi sì ti fi ìrọ̀rí sí i lábẹ́ orúnkún.

"Ta lorúkọ ẹ̀?"

Bọ̀dá Ẹ̀njiníà ní, "Folúkẹ́, sà."

Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n pè é bí ẹni pe ọlọ́pàá: "FOLÚKẸ́!"

Mo rò pé ohùn náà á bà á lẹ́rù, pé á tún wá bí á ṣe kúnlẹ̀ sí i.

"Sà!"

Iná pupa dúró kó tó tó ìdajì. Ọ̀gá wo àpótí, wọ́n wo Bọ̀dá Ẹ̀njiníà, wọ́n wo ẹ̀yìn aṣọ ìlẹ̀kùn wa bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ń dáhùn. Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kan sí i, àti lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó dúró síbi kan náà.

"Ìwé tí o fi ránṣẹ́ ní oṣù kìíní ní sẹ́kọ́ndù kan ààbọ̀. Kí lẹ yí padà?"

Bọ̀dá Ẹ̀njiníà fi ọwọ́ nu àágùn. "Ẹni tó ń dáhùn lọ́hùn-ún ni, sà. A ti fi í sí ipò tó yẹ kó wà."

Ọ̀gá ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀." Wọ́n sáìnì. Fóònù Ìgbẹmọ dúró!

Bọ̀dá Ẹ̀njiníà kó àpótí sínú mọ́tò. Wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́ bí ọkùnrin ẹgbẹ́ wọn. "Ará Èkìtì, o ṣe é. Kí màmá ẹ fún ọ ní uṣu." Lọ́tẹ̀ yìí, kò bí mi nínú.

Sọ́ńdè, 14 Máàṣì

Màmá pè lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti ń retí rẹ̀ láti Wẹ́sìdè. Mo ti to gbogbo ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ bí ẹni to ẹ̀wù ọdún.

"Monínúọlá."

"Mà."

Wọ́n ní, "Ẹ ní ẹ ti tún un ṣe."

"A ti tún un ṣe, mà. Ọ̀gá láti Èkó sáìnì sí i."

"Monínúọlá."

"Mà."

"Ó ṣì ń pẹ́." Wọn ò pariwo. Ì bá sàn kí wọ́n pariwo. "Mo pe Abọ́sẹ̀dé láàárọ̀, kò pẹ́. Ọmọ mi, kí ni mo ṣe fún ọ?"

Ọ̀rọ̀ tí mo tò fọ́n ká. Gbogbo oṣù tí mo fi wo iná pupa, òòrùn, ọyẹ́, àgbébọ̀ tó ṣá mi, gbogbo rẹ̀ di òfo. Mo fẹ́ ju fóònù náà mọ́ ògiri. Mo ń sunkún, mi ò lè sọ̀rọ̀.

Àǹtí sì kígbe láti orí àga wọn: "Okùn mi! Monínú, mo ní kí o yéé fa okùn mi! Dìde nílẹ̀ jàre!"

Dìde ńbo?

Mo wo ara mi. Mo wà nílẹ̀. Orúnkún mi méjèèjì wà lórí pọ́líìṣì pupa, síkẹ́ẹ̀tì ṣọ́ọ̀ṣì mi funfun, okùn fóònù sì nà tàn-ìn láti orí káńtà kọjá lórí mi. Mi ò mọ ìgbà tí mo débẹ̀. Mo fi ojú ara mi wò ó, mi ò mọ̀ ọ́n. Èmi tí mo pe Folúkẹ́ ní ará oko.

"Màmá."

"Mò ń gbọ́."

"Mo wà nílẹ̀."

"Ilẹ̀ báwo? O ṣubú?"

"Mo wà lórí ìkúnlẹ̀, mà. Tí ẹ bá ti pè mí, mo kọ́kọ́ máa ń kúnlẹ̀ kí n tó jẹ́ yín. Mi ò mọ̀ pé mò ń ṣe é. Àǹtí ò lè kúnlẹ̀ nítorí ẹsẹ̀ wọn, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi ń pẹ́."

Lọ́tẹ̀ yìí màmá mi ló pẹ́. Ká ní àpótí ṣì wà níbẹ̀, mi ò mọ ohun tí ì bá kọ. Mo gbọ́ tí wọ́n mí. Mo gbọ́ Folúkẹ́ lẹ́yìn tó ń bi wọ́n pé kí ló dé, tí wọn ò dá a lóhùn.

Wọ́n wá ní, "Dìde, ọmọ mi. Ilẹ̀ ibẹ̀ á tutù."

Mo pẹ́ kí n tó dìde.